Moríkẹ́ àti Ẹgbẹ́ Ìgbì Dúdú

Pọ́ọ̀lù, bàbá Moríkẹ́, kì í ṣe olórin. Ọkọ̀ ló ń kàn ní Ìlú-Ìrètí, ìlú kan tí ìjọ dá sílẹ̀ létí òkun láàárín Araromi àti Ugbonla. Nígbà tí báàsì onídùúró, gìtá ńlá tó ga tó èèyàn, tí ìjọ ń lò bàjẹ́, tí wọn ò rí ẹni tún un ṣe, àwọn alàgbà ní kí Pọ́ọ̀lù wò ó bóyá yóò lè kan òmíràn. Ó tú ti àtijọ́ palẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa, ó sì fi irú pákó tó fi ń kan ọkọ̀ kan tuntun. Ó wúwo ju ti òyìnbó lọ, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ jù ú lọ. Moríkẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló sì máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Inú ìjọ ló ti kọ́ báàsì náà títí ó fi dàgbà. Ó ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó sì ní àṣà kan tí olórí akọrin kò fẹ́ràn. Tí orin bá ti gbóná, kì í fi ìka fa okùn nìkan mọ́. Á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá okùn náà mọ́ pákó, á sì máa dún pá, pá, pá bí ìgbà tí èèyàn ń kan ìṣó. Wọ́n bá a wí títí. Kò lè jáwọ́.

Ohun tí Kọ́lájọ gbọ́ nìyẹn ní ọdún tó wá ṣe Àjíǹde ní Ìlú-Ìrètí. Ọmọ Ugbonla ni Kọ́lájọ, àmọ́ ó ti pẹ́ ní Èkó, ó ń ta gìtá ní ilé ìjọsìn kan níbẹ̀, kò sì sí irú orin tí kì í wò lórí fóònù. Nígbà tí ìsìn parí, ó lọ bá Moríkẹ́ lórí afárá pákó tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gbá báàsì báyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Wọ́n ní kí n jáwọ́ ńbẹ̀."

"Má jáwọ́. Orin kan wà tí wọ́n ń pè ní sàìkóbílì. Àwọn òyìnbó ló ni ín. Bó o ṣe ń ṣe yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe é."

Ó fi hàn án lórí fóònù. Ọkùnrin mẹ́ta ni, irun wọn dúró ṣánṣán lórí, wọ́n kun ojú wọn ní funfun. Gìtá ń sáré, ìlù ń sáré, báàsì onídùúró wà láàárín, ẹni tó dì í mú sì ń gbá a bí ẹni pé ó ṣẹ̀ ẹ́. Moríkẹ́ wò ó tán, ó ní kí Kọ́lájọ tún gbé e sí i.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Ọ̀rọ̀ òkú ni. Àwọn òkú jáde ní sàréè, wọ́n wá jó láàárín àwọn alààyè. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í ṣe."

Moríkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn, òkun ti wọ itẹ́ òkú Ìlú-Ìrètí. Bó ṣe ń jẹ ilé ló ṣe ń jẹ sàréè, ó sì ti gbé ibi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí lọ, tòun ti símẹ́ńtì àti àgbélébùú orí rẹ̀.

"Àwọn tiwa náà ti jáde," ló wí.

Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni orin wọn àkọ́kọ́ ti wá. Wọ́n pè é ní Ẹ Sún Fún Wa. Nínú orin náà, àwọn òkú tí omi lé kúrò ní sàréè wá ń kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn wọn, wọ́n ní kí wọ́n sún fún àwọn lórí ẹní, nítorí pé àwọn ò níbi tí àwọn á sùn mọ́. Kọ́lájọ ló ń kọ ọ́, ó sì ń ta gìtá. Ísákì, ọmọ ìjọ tó máa ń dúró lu ìlù, dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n sọ ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ìgbì Dúdú.

Kí wọ́n tó jáde nílùú, Moríkẹ́ lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ń fá pákó lọ́wọ́, kò dá iṣẹ́ dúró.

"Orin òkú la ó máa kọ, Bàbá."

"Ṣé ẹ ò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ọma mi?"

"A ò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ó dáa. Máa gbé báàsì yẹn lọ. Ìjọ ti ra kíbọ́ọ̀dù."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò nìyẹn. Wọ́n á fi tàpólì wé báàsì, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀ ojú omi títí dé Igbokoda, wọ́n á sì ti ibẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n kọrin ní Okitipupa. Wọ́n kọrin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkúrẹ́, wọ́n dé Benin, wọ́n dé Ìbàdàn. Wọ́n á lẹ páúdà mọ́jú, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì gbé irun dúró, Ísákì á ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n á sì gbéra. Tí wọ́n bá kan Ẹ Sún Fún Wa, àwọn èrò á fi ara ti ara, gbogbo gbọ̀ngàn á sún sápá ọ̀tún, á tún sún sápá òsì, ẹ̀rín á sì sọ. Inú Moríkẹ́ kì í bàjẹ́ sí i nígbà yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń gbọ́, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ orin. Tí wọ́n bá ń padà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó pa pọ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, báàsì á wà lórí itan wọn, Kọ́lájọ á máa sọ àwọn ìlú tí wọn ò tíì dé. Moríkẹ́ rò pé bí ayé òun yóò ṣe máa rí nìyẹn.

Ísákì ló kọ́kọ́ kúrò. Ìlú Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n wà, wọ́n ń bọ̀ láti Ìbàdàn, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ Igbokoda. Ó gbé àpò rẹ̀ sórí èjìká, kò sì tẹ̀ lé wọn débi tí ọkọ̀ náà wà.

"Ọ̀nà Oǹdó lèmi ń lọ," ló wí. "Wọ́n ti fún mi níyàwó. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ kí n máa kun ojú kiri."

"Ìgbà wo lo mọ̀?" Kọ́lájọ bi í.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"O ò sì sọ."

"Mo fẹ́ kí Ìbàdàn dùn."

Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó wọkọ̀ tirẹ̀. Kọ́lájọ bínú títí wọ́n fi délé. Moríkẹ́ kò bínú, àmọ́ ó ń wo ibi tí Ísákì ìbá jókòó sí nínú ọkọ̀. Obìnrin kan gbé agbọ̀n ẹja síbẹ̀.

Gift ló gba ipò Ísákì. Ọmọbìnrin ará Ugbo ni, ó kéré lójú, àmọ́ ìlù rẹ̀ le. Òun àti Moríkẹ́ jọ máa ń sun yàrá kan náà nílé àlejò, wọ́n á jọ fọ páúdà kúrò lójú níbi ẹ̀rọ omi, wọ́n á jọ máa ṣẹ̀rín àwọn ọkùnrin tó ń béèrè bóyá lóòótọ́ làwọn obìnrin ló ń lu nǹkan wọ̀nyí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, Moríkẹ́ kò tíì rí ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀ báyẹn. Ìgbà náà ni fídíò wọn kan tàn kálẹ̀, tí àwọn kan ní Jámánì sì pè wọ́n wá kọrin níbi àjọ̀dún sàìkóbílì.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ béèrè físà. Kọ́lájọ nìkan ni wọ́n fún. Ẹni tó dá Moríkẹ́ lóhùn kò wò ó lójú. Ó ní kò dá òun lójú pé yóò padà wálé.

Wọ́n jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì kan. Nígbà tó yá, Kọ́lájọ ní, "Mi ò ní lọ."

"Lọ," Moríkẹ́ sọ.

"Báàsì lorin yìí. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe láìsí ẹ?"

"Wọn á fún ẹ ní ẹlòmíì tí yóò gbá a. Lọ, Kọ́lájọ. Tí gbogbo wa bá jókòó síbí, ta ló fẹ́ gbọ́?"

Ó lọ. Ó ní òun á padà lẹ́yìn àjọ̀dún. Lẹ́yìn àjọ̀dún, ó ní wọ́n tún pe òun sí ìlú mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun rí àwọn méjì tí àwọn jọ ń kọrin, Jámánì kan àti ọmọ Pólándì kan, ó sì béèrè bóyá òun lè máa lo orúkọ Ìgbì Dúdú níbẹ̀.

"Máa kọ àwọn orin náà," Moríkẹ́ dá a lóhùn. "Orúkọ yẹn, jẹ́ kó wà nílé."

Gift dúró títí ìgbà òjò fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n mọ́, ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́. Ó sunkún nígbà tó ń lọ. Moríkẹ́ bá a gbé àpótí rẹ̀ dé èbúté, ó dúró títí ọkọ̀ fi yà lẹ́yìn igi ẹgbà etí omi, ó sì padà sílé bàbá rẹ̀, ó jókòó ti báàsì láì lù ú.

Àwọn èèyàn rò pé ẹgbẹ́ ti tú. Kò tú. Moríkẹ́ rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ní Okitipupa, Ọlámidé tó ń ta gìtá àti Jóṣúà tó ń lu ìlù. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń kọrin. Ohùn rẹ̀ kò ga bí ti Kọ́lájọ, kò sì lè fò sókè sódò, nítorí náà ó máa ń dúró lójú kan, á pa ojú dé, á kọ ọ́. Àwọn kan ní ó dára. Àwọn mìíràn béèrè ibi tí ọkùnrin inú fídíò wà.

Wọ́n lọ sí Ìlọrin, wọ́n lọ sí Lọ́kọ́ja, wọ́n lọ títí dé Jos níbi tí òtútù ti ń mú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà ní ẹ̀kọ́. Àǹtí ni wọ́n ń pè é, wọ́n á bá a gbé báàsì, wọ́n á bu oúnjẹ tirẹ̀ ṣáájú. Àmọ́ tó bá kan ilẹ̀kùn yàrá wọn, tó gbọ́ ẹ̀rín wọn látìta, ẹ̀rín náà á dákẹ́ bó bá ti wọlé. "Ṣé kò sí o, Àǹtí?" ni wọn á sọ. Á ní kò sí, á sì padà sí yàrá tirẹ̀.

Ní ọ̀nà Jos, Ọlámidé béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ Sún Fún Wa yìí, ṣé ọkọ̀ èrò lẹ ní lọ́kàn tẹ́ ẹ fi kọ ọ́? Àwọn tó ń há ara wọn mọ́ bọ́ọ̀sì?"

Moríkẹ́ wò ó. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń ta gìtá sí orin náà. Ó wá sọ fún un nípa òkun, nípa itẹ́ òkú, nípa ìyá rẹ̀. Ọlámidé tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

"Ó mà ṣe o," ló wí. Ó padà sídìí fóònù rẹ̀. Moríkẹ́ kọjú sí fèrèsé.

Jos náà ni wọ́n wà tí wọ́n fi pè é pé bàbá rẹ̀ ti kú. Pọ́ọ̀lù jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án, ó fẹ̀yìn ti egungun ọkọ̀ kan tó ń kàn, kò sì dìde mọ́. Ọ̀nà jìn. Nígbà tí Moríkẹ́ fi máa dé, wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa sin ín sí. Kò sí ilẹ̀ ní Ìlú-Ìrètí tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé òkun ò ní dé ibẹ̀. Wọ́n gbé Pọ́ọ̀lù wọ ọkọ̀, ọkọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, wọ́n gbé e lọ sí Igbokoda, wọ́n sì sin ín sórí ilẹ̀ gbígbẹ láàárín àwọn èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìyá Moríkẹ́ wà nínú òkun, bàbá rẹ̀ wà lóko àwọn àjèjì.

Ísákì wá. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ní funfun. Nígbà tí wọ́n ti bo ilẹ̀ tán, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o ṣì ń gbá a?"

"Mo ṣì ń gbá a."

"Èmi ò lù mọ́." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú fúngbà díẹ̀. "Ọkọ̀ mi máa lọ." Ó sì lọ. Gift fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Kọ́lájọ pè, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni Moríkẹ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ìlà já.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, àwọn ará Araromi ń ṣe ìkórè ìjọ wọn, wọ́n sì pe Ìgbì Dúdú. Ọ̀sán gangan ni, etí òkun gan-an ni wọ́n to àga sí, ibi tó jẹ́ àárín ìlú tẹ́lẹ̀. Moríkẹ́ sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má kun ojú. Wọ́n kọ orin mélòó kan, àwọn èèyàn jó díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kan Ẹ Sún Fún Wa, kò sẹ́ni tó mira. Wọ́n jókòó, wọ́n ń gbọ́ ọ. Jóṣúà ń wo ojú Ọlámidé, ó rò pé wọ́n ti ṣe ohun tí kò dáa.

Bí orin ṣe parí, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Ìtẹ́olúwakìṣí dìde.

"Ọmọ Pọ́ọ̀lù."

"Mà."

"Dárúkọ ọkọ mi sí i. A sin ín, òkun tún wá gbé e. Olówòkéré lorúkọ rẹ̀."

 Moríkẹ́ gbé ọwọ́ lé okùn, ó tún un bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ sún fún Olówòkéré," ló kọ, "omi ti gba ilé rẹ̀, ẹ sún fún un lórí ẹní." Màmá Ìtẹ́olúwakìṣí jókòó, ó fi etí aṣọ bo ojú. Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó dárúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àràmídé. Obìnrin kan dárúkọ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ń dárúkọ, Moríkẹ́ sì ń fi sí i. Orin tó ń sáré tẹ́lẹ̀ wá ń rìn. Jóṣúà gbé ọ̀pá ìlù sílẹ̀. Gìtá náà dákẹ́ nígbà tó yá. Báàsì nìkan ló kù, ó ń dún pá, pá, títí oòrùn fi wọ̀.

Láti ìgbà náà ni gbogbo etíkun ti ń ránṣẹ́ sí i. Orin náà ni wọ́n fẹ́, wọn ò béèrè òmíràn. Ọlámidé àti Jóṣúà bá a lọ sí ìlú mélòó kan, wọ́n sì wá bá a ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí wa," Ọlámidé sọ. "Èyí kì í ṣe sàìkóbílì mọ́. Ìsìnkú ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn. Wọ́n ṣì ń béèrè wa níbẹ̀."

"Ẹ̀yin ẹ lọ. Ẹ lọ kọrin. Mi ò bínú."

Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n sì lọ. Kò tó ọdún kan tí wọ́n fi ní ẹgbẹ́ tiwọn, ẹgbẹ́ náà sì dára. Moríkẹ́ gbọ́ wọn lórí rédíò, inú rẹ̀ dùn sí ìlù Jóṣúà.

Òun nìkan ló wá ń gbé báàsì láti ìlú dé ìlú. Kò sí ibi tó dé tí wọn ò gbà á dáadáa. Wọ́n á ro púpurù ẹ̀gẹ́ fún un, wọ́n á bu ẹja tó dáa jù sí ọbẹ̀, wọ́n á fún un ní yàrá tí pákó rẹ̀ ṣì le. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ń dúró tì í. Àwọn tó bá ti dárúkọ òkú wọn fún un kì í fẹ́ wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tó bá jókòó sórí afárá láti gba afẹ́fẹ́, àwọn obìnrin tó ń sá ẹja á rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì ń yẹra fún un. Nígbà mìíràn ó máa ń wù ú kí ẹnì kan kàn bú u, tàbí kó bi í bóyá ó ti jẹun.

Ní Ugbonla, ọ̀dọ́bìnrin kan dìde dárúkọ bàbá rẹ̀, Ọpẹ́fólúwa. Moríkẹ́ mọ ojú yẹn. Àbúrò Kọ́lájọ ni.

Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Kọ́lájọ fi pè. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní àwọn fẹ́ gbé Ẹ Sún Fún Wa jáde lákọ̀tun níbẹ̀, ó sì fẹ́ kí Moríkẹ́ fi ohùn báàsì ránṣẹ́.

"Ará Pólándì yìí ń gbìyànjú, àmọ́ kò rí bí i tìẹ."

"Kọ́lájọ, ṣé àbúrò rẹ ti pè ẹ́?"

"Nítorí kí ni?"

Moríkẹ́ mí kanlẹ̀. "Òkun ti dé ibi tí ẹ sin bàbá rẹ sí. Ìgbà òjò tó kọjá ló gbé e lọ. Àbúrò rẹ fún mi lórúkọ rẹ̀, mo sì ti fi sí orin."

Kọ́lájọ ní, "Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Moríkẹ́ gbé fóònù sórí àpótí, ó gbé báàsì dúró, ó sì kọ ọ́ fún un. Nígbà tó parí, ìlà kò tíì já. Ó ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá ní ìlú tí kò dé rí.

"Èmi ń fi í pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbí," Kọ́lájọ sọ.

"Àwa náà fi í pa èèyàn lẹ́rìn-ín rí. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan."

"Ṣé kí n máa bọ̀ wálé?"

"Tó o bá lè wá, wá."

Kò wá. Moríkẹ́ náà kò retí rẹ̀ púpọ̀. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, ó jókòó sínú ọkọ̀ ní èbúté Igbokoda, ó ń dúró kó kún, ni Gift fi fídíò kan ránṣẹ́ sí i láti Àkúrẹ́. Kọ́lájọ ni, lórí pèpéle ńlá kan, páúdà wà lójú rẹ̀, àwọn èrò ń fò níwájú rẹ̀. Nígbà tí orin dé ìdajì, ó gbé ọwọ́ sókè, gìtá dákẹ́, ìlù dákẹ́. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀ sínú makirofóònù. Àwọn èrò rò pé ara orin ni. Wọ́n ké e padà fún un tayọ̀tayọ̀, wọn ò tilẹ̀ pè é dáadáa, "Opefoluwa! Opefoluwa!" Kọ́lájọ dúró láàárín ariwo wọn.

Moríkẹ́ wò ó tán. Ó fẹ́ pè é, ó tún ti fóònù bọ àpò. Awakọ̀ ti ń fa ẹ́ńjìnnì, ó nawọ́ sí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Moríkẹ́.

"Ṣé ẹ ní ẹni tó ṣì ń bọ̀, màmá?"

Ó ní rárá, kí wọ́n máa lọ.